Àtàǹpàkò Lára Ògiri Ìyá Àgbà

Ó fi ìka kan ògiri náà, kó, kó, kó, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó sún díẹ̀, ó tún kàn án. Kó, kó. Nígbà tó dé ẹ̀yìn ibùsùn ìyá àgbà, níbi tí ògiri ti lanu láti ìsàlẹ̀ títí dé abẹ́ àjà, ó kàn án, ohùn náà sì yí padà. Bù. Bí ìgbà téèyàn bá lu ìbẹ́pẹ tó ti rà. Ó dúró. Ó gbé etí lé ògiri, ó dijú, gbogbo wa tí a wà nínú yàrá náà sì ń wò ó: bàbá mi, ìyá rẹ̀ tó jókòó sétí ibùsùn, àti èmi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí mo fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Baba alátùnṣe tí bàbá mi pè wá yọ ìṣó mẹ́ta tó wà ní igun ẹnu rẹ̀, ó kó wọn sínú àpò ṣòkòtò.

Mo ti mọ̀ nígbà náà pé tí baba yẹn bá yọ ìṣó lẹ́nu, ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ kì í ṣe kékeré.

"Ògiri yìí ń lọ," ni ó wí.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Ó ń lọ síbo, Baba?"

"Èmi náà ò mọ̀. Bóyá síta, bóyá sínú. Ṣùgbọ́n ó ti gbéra."

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Èmi tí mò ń kọ èyí, ìwé kẹrin ni mo kà tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀, àmọ́ láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀, títí wọ Emùré, kò sí ilé tó ń jò, tó ń sán, tó ń tẹ̀, tí mo dé ibẹ̀ tí n kò wò ó sàn. Àwọn olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, àwọn tó ka ìwé tí wọ́n fi ń wo ayé nínú dígí, máa ń dúró sẹ́yìn mi, wọ́n á ní, "Ọ̀gá, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé abẹ́ ibí yìí ló ti bàjẹ́?" N kì í dá wọn lóhùn. Ẹni tó mọ ibi tí mo ti kọ́ iṣẹ́ kò pọ̀. Ẹni tó mọ ohun tó gbé mi débẹ̀ kò sí mọ́ rárá, àfi èmi.

Ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ni. Ara ń yá gbogbo ìlú. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ́ ọmọ wa ń kó bọ̀ láti Àkúrẹ́, Adó kò ní gbà wọ́n tán, Ìkẹ́rẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn máa sùn sí. Ẹnikẹ́ni tó bá ní yàrá méjì tó ṣófo bẹ̀rẹ̀ sí í kan àjà, ó ń kun ọ̀dà. Bàbá mi jẹ́ akọ̀wé ní káńsù, ilé amọ̀ tí bàbá rẹ̀ kọ́ la sì ń gbé. Ní ọdún tó ṣáájú ló ti fi símẹ́ǹtì rẹ́ ara ilé náà yíká níta, láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, ó wá kùn ún ní funfun, tí ẹni tó ń kọjá lójú títì fi ń rò pé ilé búlọ́ọ̀kù ni. Ìyẹn dùn mọ́ ọn ju iyán lọ. Ó kù kí a tún iwájú ilé ṣe, kí a fi fèrèsé onígíláàsì sí i, kí ilẹ̀kùn ní kọ́kọ́rọ́, nítorí ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ti ní òun àti ìyàwó òun máa kó wọlé kí oṣù tó parí.

Ìdí nìyẹn tó fi ránṣẹ́ pe baba náà láti Ìsẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà láyé. Káfíńtà ni, bíríkìlà ni, òun náà ló ń kan páànù, òun ló ń tú kọ́kọ́rọ́ tó bá há. Ọ̀kadà ló máa ń gbé e wá láàárọ̀, àpò símẹ́ǹtì tó fi kó irinṣẹ́ á wà lórí itan rẹ̀, ayùn á yọ síta lẹ́nu àpò bí eyín ọ̀nì. Òórùn ni mo fi ń mọ̀ pé ó ti dé: áásáà, kẹrosíìnì tó fi ń nu irin, àti ìyẹ̀fun igi tí ayùn jẹ.

Gbogbo ọmọ àdúgbò ló ń bẹ̀rù rẹ̀. Wọ́n ní ó máa ń bá ògiri sọ̀rọ̀, òótọ́ sì ni. Wọ́n ní ó ń gbọ́ ohùn òkú nínú ilẹ̀. Èyí ni n kò fẹ́ gbọ́, nítorí pé inú yàrá ìyá àgbà la sin bàbá ńlá mi sí, lábẹ́ ibi tí ó ń tẹ́ ẹní sí tó bá fẹ́ gbàdúrà. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ yàrá yẹn, baba náà fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dúró gẹ́lẹ́ lórí ibẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀. "Ẹ kú ulé o, onílé," ni ó wí. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé èèyàn wà níbẹ̀.

Ohun tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ kò ṣòroó rí. Baba náà fẹ́ kí a kọ́kọ́ wó ògiri ẹ̀yìn, kí a tún un mọ. Bàbá mi fẹ́ iwájú.

"Baba, kò sí àlejò tó ń ti ẹ̀yìn wọlé."

"Èèyàn ló ń sùn lẹ́yìn."

"Ẹ jẹ́ ká parí iwájú ná. Ọ̀sẹ̀ méjì péré."

"Ṣé ìwọ lo máa bẹ ògiri kó dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì?"

Bàbá mi yíjú sí ìyá rẹ̀ pé kí ó wá sùn ní yàrá tiwa títí iṣẹ́ á fi parí. Ìyá àgbà ò tiẹ̀ gbé ojú sókè. Ó ń to aṣọ rẹ̀. "Ọkọ mi ló wà nínú ulẹ̀ yí. Bí mo bá kúrò, ta ni ó máa kí i láàárọ̀? Ìwọ tó ò ń sáré lọ sí káńsù?"

Báyìí ni baba náà ṣe fi ẹlẹ́rìí sí i. Bí ó ti ń pè é nìyẹn. Ó bu amọ̀ ọ̀gán, ó gún un kúnná, ó jọ̀ ọ́, ó pò ó mọ́ eérú ààrò. Ó fi ọ̀bẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibi tó lanu, pẹlẹbẹ bí búrẹ́dì gígé, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lókè, kí ó lè di etí ògiri méjèèjì mú pọ̀. Ó wá tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Amọ̀ eléérú kì í tẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́," ni ó wí. "Bí ògiri bá ṣí ẹsẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, ẹlẹ́rìí á fọ́. Bí ọ̀kan bá fọ́, iwájú dúró, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, Yèyé sì gbọ́dọ̀ jáde. Ṣé a gbọ́ ara wa?"

Bàbá mi ní a gbọ́. Ìyá àgbà pàápàá mi orí. Lẹ́yìn náà ni baba yìí pè mí. "Ìwọ tó ò ń fara pamọ́ bí eku, bọ́ síta. Ojú tèmi ti ń rẹ̀, tìrẹ ṣì mú. Láràárọ̀, kí o tó jẹun, wá wò wọ́n. Bí ọ̀kan bá fọ́, wá pè mí. Ṣùgbọ́n má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, màá mọ̀."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn nìkan ló wọ etí mi dáadáa.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níwájú. Òòlù ń dún láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ayùn ń kùn, baba náà ń wúkọ́ nínú eruku àjà, ó ń fi ìṣó sẹ́nu sọ̀rọ̀ tí ìdajì ọ̀rọ̀ fi ń bọ́ sọnù. Láràárọ̀ ni mò ń wo ẹlẹ́rìí mẹ́ta náà, tí mò ń sáré lọ jábọ̀. Mo ń yan bí ọlọ́pàá. Mo sọ fún àwọn ọmọ àdúgbò pé èmi ni mò ń ṣọ́ ilé wa kó má wó. Àwọn náà sì gbà, torí mo mọ ọ̀rọ̀ í sọ láti kékeré.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè kan, mo gbá bọ́ọ̀lù rọ́bà mi mọ́ ògiri ẹ̀yìn yẹn láti ìta. Gbàà. Gbàà. Ó tó ogún ìgbà. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, tí ìyá àgbà lọ gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo wọlé lọ wo àwọn ẹlẹ́rìí mi. Ti àárín ti là sí méjì. Ìlà náà tín-ín-rín bí irun orí, ó gba àárín àtàǹpàkò baba náà kọjá.

Mo rò ó pé bọ́ọ̀lù mi ló fọ́ ọ. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, màá mọ̀. Mo rí bàbá mi pẹ̀lú bẹ́líìtì lọ́wọ́. Mo rí baba alátùnṣe náà tó ń gbé etí lé àyà mi bó ti ń gbé e lé ògiri. Mo jáde lọ síbi tí àjákù amọ̀ ọ̀gán rẹ̀ wà nínú àfọ́kù abọ́, mo bu eérú ní ààrò ìyá mi, mo fi itọ́ àti omi díẹ̀ pò ó. Mo họ ti àtijọ́ kúrò, mo lẹ tèmi mọ́ ọn. Mo wá fi àtàǹpàkò mi tẹ̀ ẹ́, mo yí i lọ, mo yí i bọ̀, kó lè tóbi.

Mo lọ bá a níwájú ilé. Ó wà lórí àkàbà.

"Ẹlẹ́rìí ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa, sà."

"O wò wọ́n?"

"Mo wò wọ́n, sà."

"O káre." Ó na ọwọ́ sísàlẹ̀, ó já iṣu sísun tó ń jẹ sí méjì, ó fún mi ní ìdajì. Mo gbé e fún adìẹ.

Ọjọ́ Sátidé, ti òkè fọ́. N kò gbá bọ́ọ̀lù. N kò tiẹ̀ gba ẹ̀yìn ilé kọjá láti Ọjọ́bọ̀. Mo dúró sí yàrá yẹn, mo ń wo ìlà tín-ín-rín náà, òye sì yé mi pé kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Ògiri ló ń lọ. Ó ń lọ lóòótọ́, ìyá àgbà sì ń sùn ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, orí rẹ̀ kò jìnnà sí i ju apá mi lọ.

Ẹ máa rò pé mo sáré jáde, mo sì sọ. Èmi tí mò ń yangàn lónìí, n kò lè sọ. Bí mo bá sọ ti òkè, wọ́n á yẹ ti àárín wò. Mo gun orí àpótí, mo tún lẹ̀ ẹ́, mo tún tẹ̀ ẹ́, amọ̀ sì já bọ́ sójú mi.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń tẹ̀ lé ìyá àgbà kiri bí òjìji. "Ẹ wá sùn lọ́dọ̀ wa lónìí, ẹ wá pa àlọ́ fún wa." Ó ní kí n wá sí yàrá òun kí n wá gbọ́ àlọ́. "Yàrá yín ti tutù jù." Ó ní òun kò sọ fún ẹnì kankan pé òtútù ń mú òun. Ó wò mí dáadáa, ó gbé ọwọ́ lé mi níwájú orí bóyá ibà ni. Tó bá ti ń sùn lọ́sàn-án, màá dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá máa ka èémí rẹ̀.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni òjò náà rọ̀. Mo ti ilé ìwé dé, kò ì tíì tó agogo mẹ́ta, ojú sánmà lókè àpáta Olósùnta sì ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù tí èèyàn kò gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ. Bàbá mi ṣì wà níbi iṣẹ́. Ìyá àgbà dùbúlẹ̀, orúnkún ń dùn ún. Baba alátùnṣe náà sọ òòlù kalẹ̀, ó ní òun fẹ́ mọ ibi tí omi ń gbà lẹ́yìn ilé. Ó wọ yàrá, mo tẹ̀ lé e. Kò wo àwọn ẹlẹ́rìí náà rárá. Ó na ọwọ́ sí ti àárín, ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ sínú ojú àtàǹpàkò tó wà níbẹ̀.

Kò wọ̀ ọ́.

Ó gbé e kúrò, ó tún gbé e sí i. Ó na ọwọ́ sí ti òkè, kò wọ ìyẹn náà. Nígbà náà ló yọ ìṣó lẹ́nu.

"Mú ọwọ́ rẹ wá."

Ó di àtàǹpàkò mi mú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ amọ̀ náà. Ó wọlé ṣémú.

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́bọ̀, sà."

"Tòkè?"

"Sátidé."

Kò gbá mi létí. Ìbá gbá mi létí, ìbá sàn fún mi. Ó yíjú sí ìyá àgbà. "Yèyé, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Òjò yìí kọ́ ló kọ́kọ́ rọ̀ lé ulé yí lórí, Baba. Ẹ fi mí sílẹ̀."

"Ẹlẹ́rìí ti fọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì."

"N ò lọ síbì kankan. Bó bá wó, ẹ̀gbẹ́ ọkọ mi náà ni mo máa wà."

Kò bẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri náà gan-an, ó na ẹsẹ̀. "Ó dáa. Bí ẹ ò bá lọ, èmi náà ò lọ. Ọmọ, wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Mo wo ẹnu ọ̀nà. Mo wo ojú rẹ̀. Mo lọ jókòó.

Títí mo fi máa kú, n kò lè gbàgbé bí ògiri yẹn ti rí lẹ́yìn mi. Ó tutù bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́. Bí àrá bá ti sán, ó ń gbọ̀n, yẹ̀pẹ̀ wẹ́wẹ́ á sì já bọ́ sínú ọrùn ẹ̀wù mi. Mo gbọ́ nǹkan tó ń dún nínú rẹ̀, tí kì í ṣe òjò. Ìyá àgbà ń wò wá. Yẹ̀pẹ̀ tún já bọ́, ó bà lé irun mi, ìyá àgbà sì rí i.

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí," ni ó wí, ó gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ láti orí ibùsùn, "ẹ ò láàánú." Kó tó jáde, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀. "Mò ń bọ̀," ni ó wí fún ẹni tó wà nísàlẹ̀.

A kó sí abẹ́ àtíbàbà tí ìyá mi ti ń dáná, ìyá mi sun iṣu fún wa. Òjò rọ̀, òjò dá. Ògiri dúró. Bàbá mi dé, ó rẹ gbindingbindin, ó gbọ́ pé baba náà kó ìyá òun jáde, ó lọ yọjú wo yàrá, ó sì padà wá pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Baba, ògiri yín mà dúró o. Ẹ kàn fi òtútù pa ìyá mi lásán. Ìyá, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká wọlé."

Ìyá àgbà dìde. Ó ká ìró rẹ̀ mọ́ra, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì. Mo fò mọ́ ọn, mo di ìró náà mú. "Ẹ má lọ."

"Kí ló ń ṣe ọmọ yìí?" ni bàbá mi wí. "Sọ̀rọ̀. Kí ló dé tí kò fi yẹ kí ó lọ?"

Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ahọ́n mi, mo fi Ọlọ́run búra. Ṣùgbọ́n kí n tó lahùn, ògiri lahùn.

Kò dún bí mo ti rò. Ó dún bí àgbàlagbà tó rẹ̀, tó wá jókòó. Hùn. Páànù ló ké lẹ́yìn náà. Nígbà tí a débẹ̀, a ń rí ibùsùn ìyá àgbà láti ìta, ìrọ̀rí nìkan ló yọ orí nínú amọ̀, ìyẹn náà lápá kan.

Baba náà lọ bẹ̀rẹ̀ níbi ẹsẹ̀ ògiri, ó fi ìka wa amọ̀ tó wà lẹ́yìn símẹ́ǹtì. Ó rọ̀ bí ẹ̀kọ. "Omi gba abẹ́ wọlé, símẹ́ǹtì yín ò jẹ́ kó jáde. Amọ̀ ń mí. Ẹ ti dí i nímú láti èṣí."

Ojú ti bàbá mi. Ẹni tí ojú bá sì tì, á wá ẹlòmíràn tí yóò gbé e fún. "Ẹlẹ́rìí yín ńkọ́?" ni ó wí. "Ẹ ní bó bá ṣí ẹsẹ̀, ẹlẹ́rìí á fọ́. Kí ló dé tí a ò gbọ́?"

Ìyá àgbà wò mí. Baba náà ò wò mí. Ó kó ìṣó sẹ́nu, ó tún yọ wọ́n.

"Wọ́n fọ́," ni ó wí. "Ojú mi ni ò rí i."

Mo dákẹ́. Ìyá àgbà dákẹ́ títí ó fi lọ bá ọkọ rẹ̀.

Baba náà tún ògiri náà mọ, ó sì lẹ́wà. Àmọ́ bàbá mi lẹ́nu, káńsù sì jẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń tàn. Kò pẹ́ tí gbogbo Ìkẹ́rẹ́ fi gbọ́ pé baba Ìsẹ̀ ti fọ́jú, pé ilé wó níṣojú rẹ̀. Ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹlòmíràn. Mo máa ń dúró lẹ́bàá títì láàárọ̀, màá máa wo ọ̀kadà tí ayùn yọ síta lórí rẹ̀. N kò rí i mọ́.

Mo pé ọdún mẹ́tàdínlógún kí n tó lè lọ bá a nílé rẹ̀. Ó jókòó sábẹ́ igi ọ̀sàn, ó ń gbẹ́ èèkù ọkọ́ fún àwọn àgbẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wá fọ́ tán lóòótọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní mo wá kọ́ iṣẹ́. Kò béèrè orúkọ mi. Ó ní, "Mú ọwọ́ rẹ wá." Ó di àtàǹpàkò mi mú, ó fi ìka yí i po, ó pẹ́ lórí rẹ̀.

"Ó ti tóbi," ni ó wí. Ó sì sún lórí àga kí n lè jókòó.

Bàbá mi ti kú, kò mọ̀ pé èmi ni mo lẹ ẹlẹ́rìí wọ̀nyẹn. Àwọn tó ba orúkọ baba náà jẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ti kú. Mo mọṣẹ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tó mi ní agbègbè yìí, mo tún un wí. Síbẹ̀ n kì í sùn nínú yàrá tí n kò bá kọ́kọ́ fi ìka kan ògiri rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyàwó mi ti rojọ́ títí ó ti sú u. Ilé tí ògiri rẹ̀ bá sì lanu, mo máa ń fi ẹlẹ́rìí sí i, amọ̀ ọ̀gán àti eérú, mo sì máa ń pe ọmọ tó kéré jù nínú ilé náà. Màá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú èmi àti ojú ẹ̀ ṣe déédéé. Màá ní, "Bí èyí bá fọ́, kì í ṣe ìwọ lo fọ́ ọ. Wá sọ fún mi." Màá jẹ́ kí ó sọ ọ́ padà fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá sì padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò, n kì í kọ́kọ́ fojú wò ó. Àtàǹpàkò mi ni mo máa ń gbé sí i.